Bí Olúgbódi Ṣe Sé Odò Awẹ́rẹ́

Ní ọdún tí ọyẹ́ fi gbogbo ara jà ní ilẹ̀ Òkè-Awun, tí ewé emi wọ́ dànù kó tó gbó, tí ètè tọmọdé tàgbà là bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn pa gbẹ, omi tán ní ìlú. Ẹni tó bá ní omi dín kù kò tíì sọ òtítọ́ tán. Omi tán ni. Odò Awẹ́rẹ́, tí wọ́n ti ara ìrìn rẹ̀ fún lórúkọ nítorí pé wẹ́rẹ́ ló ń wá, wẹ́rẹ́ náà ló ń lọ, gbẹ kan òkúta ìdí rẹ̀. Nígbà òjò, odò yìí a máa bú ramúramù, a wọ́ igi, a gbé ẹran lọ, a gba àárín àpáta méjì tó dojú kọra wọn nísàlẹ̀ ìlú kọjá, a sì sáré lọ bá àwọn ará Ìlódò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, odò a tẹ̀ lé e. Yanrìn ni í kù fún àwọn ará Òkè-Awun, yanrìn àti ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Ogun ló lé àwọn baba ńlá ìlú yìí gun orí òkè náà láyé àtijọ́, nígbà tí ẹṣin ọ̀tá ń tẹ ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ fọ́ bí ẹni ń tẹ èèpo ẹ̀pà. Wọ́n rí òkè kan tó rí rubutu bí ẹ̀yìn awun, wọ́n gùn ún, ẹṣin kò sì lè gùn ún tẹ̀ lé wọn. Àpáta gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹṣin. Kò gbà wọ́n lọ́wọ́ òǹgbẹ. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn obìnrin ìlú a gbé ìkòkò karí, wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlódò, níbi tí ibú kan wà tí kì í gbẹ. Ìrìn àfòwúrọ̀-lọ-kọ́sàn-án-tó-dé ni. Àwọn ará Ìlódò kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ̀ ọ́.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ibú Ìlódò pàápàá fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń rí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀ lójú omi. Ẹ̀rù ba àwọn ará Ìlódò. Wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní kùmọ̀ lọ́wọ́ ti etí omi. Nígbà tí àwọn obìnrin Òkè-Awun dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ náà kò bá wọn jà, wọn kò sì bú wọn. Ìkòkò orí wọn ni wọ́n fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Àwọn obìnrin náà kó àpáàdì wọn jọ. Wọ́n rù ú gun òkè padà, wọ́n sì dà á sílẹ̀ gbàràgàdà níwájú ilé Baálẹ̀ Oyètòrò, olórí ìlú, arúgbó tí irun rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kúnlẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀, ẹ wá wo omi tí a pọn wá."

Kí ọjọ́ tó rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti kó ọ̀kọ̀ àti àdá jáde. Wọ́n ń lu ilẹ̀ pẹ̀lú ìdí ọ̀kọ̀, wọ́n ń pariwo pé ogun ni, ogun ni, lónìí ni kí ibú Ìlódò di tàwọn. Bí wọ́n sì ti ń pariwo, ojú ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò.

Ẹni náà ni Olúgbódi Àkàngbé, ọmọ Ọ̀jẹ́dìran, ẹni tó ń ṣíwájú àwọn jagunjagun Òkè-Awun láìtíì joyè. Ìka mẹ́fà ló gbé wáyé lọ́wọ́ ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Olúgbódi. Ọkùnrin gíga, aláyà gbẹ̀ǹgbẹ̀, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ń kì pé: ọmọ asùn-lórí-àpáta-bí-ẹni-sùn-lẹ́ní, ẹkùn tí í jẹun lẹ́nu ihò tí kìnnìún kì í bi í pé ẹran ta lo pa, arógun-má-wẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní àpá, àfi àyà. Nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́ jagunjagun, ó ti bá Ìlódò jà rí, nítorí ilẹ̀ oko. Òun àti Lágbàyí, tó di Jagun Ìlódò nígbẹ̀yìn, ni wọ́n kojú ara wọn lọ́jọ́ náà. Kálukú wọn gba àpá lára ẹnì kejì. Àbúrò Olúgbódi ọkùnrin kò bá wọn padà wálé láti inú ogun yẹn.

Olúgbódi dìde. Ariwo rọlẹ̀.

"Baálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo gbọ́ ohùn yín. Ẹ ní kí n kó yín lọ Ìlódò. Mo lè kó yín lọ, bóyá a tilẹ̀ lè ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí a bá gba ibú náà lónìí, ta ni yóò máa sùn tì í? Ṣé wọn ò ní padà wá ni? A ó sin ọmọ, wọn ó sin ọmọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá dé, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Omi tí ènìyàn ń fi ẹ̀jẹ̀ rà lọ́dọọdún, ọmọ ta ni yóò ṣẹ́ kù tí yóò mu ún? Etí ibú yẹn ni àbúrò mi sùn sí. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ronú. Bí n kò bá rí ọ̀nà mìíràn, èmi gan-an ni n ó ṣíwájú yín."

Baálẹ̀ fún un láyè. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kọjá láàárín èrò, ó gbọ́ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹkùn ti di ológbò." Kò yíjú padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju ọ̀kọ̀ lọ, nítorí pé òun pàápàá kò tíì mọ ọ̀nà mìíràn tí òun ń wá.

Kò wọ ilé. Ibi kòtò amọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló gbà lọ, ní ẹ̀yìn odi. Ẹfúnlóyè ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, amọ̀kòkò tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, obìnrin kúkúrú, pupa, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń po amọ̀ fún àwọn ìkòkò tí yóò rọ́pò èyí tí wọ́n fọ́. Olúgbódi jókòó sórí òkúta, ó fi ọwọ́ lérán. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó rí ohun tó ń wò. Nísàlẹ̀ kòtò náà, omi wà. Ó pọ́n, ewé jíjẹrà wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni.

"Ẹfúnlóyè, níbo lo ti rí omi?"

"Omi wo, olówó orí mi?"

"Èyí tó wà nínú kòtò yìí."

"Omi òjò mà ni. Láti ìgbà tí àgbàdo ti gbó ló ti wà níbẹ̀. Kò ṣeé mu, òun ni mo fi ń po amọ̀."

"Kí ló dé tí ilẹ̀ kò mu ún?"

Ẹfúnlóyè bú sẹ́rìn-ín. "Bí amọ̀ bá ń mu omi, kí lẹ rò pé mò ń tà fún àwọn ará ìlú látọjọ́ yìí? Asẹ́ ni?"

Olúgbódi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó wo àfonífojì tí Awẹ́rẹ́ ń gbà kọjá. Òkè yí i ká lọ́tùn-ún, òkè yí i ká lósì. Ibì kan péré ló là sílẹ̀, àárín àpáta méjì tí omi ń gbà sá lọ. Ó ti ń wo ibẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà ọ̀tá ló ṣe máa ń wò ó. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi ojú amọ̀kòkò wò ó.

"Ìyàwó mi," ó ní, "òkè ti mọ ìkòkò sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ṣẹ́."

Ẹfúnlóyè tẹ̀ lé ojú rẹ̀, òun náà rí i. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Ẹ̀gbẹ́ ńlá ni o," ó ní. "Ṣùgbọ́n amọ̀ pọ̀."

Nígbà tí Olúgbódi gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Baálẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan binú. Ta ló sé odò rí? Baálẹ̀ Oyètòrò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Mo ti darúgbó, mo ti rí ogun púpọ̀. N kò rí èyí tó pọn omi wálé rí. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú amọ̀."

Ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ yè kó tó lè ṣiṣẹ́, òjò sì ṣì jìnnà. Nígbà náà ni Olúgbódi ṣe ohun tí àwọn àgbà ìlú náà ń pè ní ogun rẹ̀ tó le jù. Ó bọ́ ẹ̀wù ogun sílẹ̀, ó fi idà há ìgànná, ó sì nìkan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlódò, ọwọ́ òfìfo. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ibú mú un lọ sọ́dọ̀ Jagun Lágbàyí bí ẹni mú olè. Lágbàyí, ọkùnrin dúdú, abirùngbọ̀n, tí àpá idà Olúgbódi là kọjá lẹ́rẹ̀kẹ́, wò ó tìtì.

"Olúgbódi, o wá kú ni?"

"Omi ni mo wá tọrọ," ni Olúgbódi dá a lóhùn. Ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un, òun tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí. "Ìkòkò kan fún agbo ilé kan, láràárọ̀, títí òjò yóò fi dé. Àwọn ọkùnrin wa yóò wá kọ ebè iṣu fún yín. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fi dúpẹ́."

Lágbàyí ti múra sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀. Kò múra sílẹ̀ fún ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Dìde. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí wọ́n sọ pé Jagun Ìlódò gba ìdọ̀bálẹ̀, kò fúnni lómi." Báyìí ni Òkè-Awun ṣe rí omi mu. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ fi ọ̀kọ̀ lọ Ìlódò, ọkọ́ ni wọ́n gbé lọ. Ìtìjú náà korò lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ń mu omi.

Bí wọ́n bá ti oko Ìlódò dé, wọn a lọ sí àárín àpáta méjì náà. Wọ́n ń ru erùpẹ̀, wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń dà á sílẹ̀. Ògiri tí wọ́n ń fi sé odò náà ga ju orí ènìyàn lọ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Inú ìlú dùn. Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán, Awẹ́rẹ́ sì dé pẹ̀lú ìbínú. Ó kún lẹ́yìn ògiri, ó gùn ún, ó dà lórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti òkè bí ẹni jẹ àkàrà. Lójú gbogbo wọn ni ògiri ya lulẹ̀. Omi náà sá lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú igi àti òkúta, ó gbá ebè iṣu mélòó kan lọ ní oko Ìlódò. Àwọn ọkùnrin Òkè-Awun tún lọ kọ ọ́, ìtìjú lé ìtìjú.

Ọjọ́ yẹn ni ọkàn Olúgbódi rẹ̀wẹ̀sì. Ó dúró sínú ẹrẹ̀, ó ń wo iṣẹ́ gbogbo ìlú tó di ẹrẹ̀ lásán. Ẹfúnlóyè wá dúró tì í. Ó bu díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹ́ kù lára ògiri, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Yanrìn wà nínú rẹ̀," ó ní. "Gbòǹgbò wà nínú rẹ̀. Ìkòkò tí mo bá fi èyí mọ, inú iná ni yóò fọ́ sí. Olówó orí mi, ohun tẹ́ ẹ bá ní lọ́wọ́ lẹ dà. Amọ̀ la ń ṣà, kì í ṣe erùpẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìkòkò yín kò ní ẹnu. Omi tí kò bá rí ẹnu ìkòkò gbà, orí ẹni ni yóò gbà."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò sinmi díẹ̀ láàárín ọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ náà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ìdí ògiri títí ọkọ́ fi kan àpáta, kí omi má baà rí abẹ́ gbà. Wọ́n wó àwọn òkìtì ọ̀gán tó wà káàkiri igbó, nítorí pé erùpẹ̀ ọ̀gán a máa le bí òkúta. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ amọ̀. Ẹfúnlóyè jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹrù amọ̀ tí yóò kọjá kó má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò dára, a ní kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìbáà ṣe aya Baálẹ̀ ló rù ú. Wọ́n da amọ̀ náà ní ìpele ní ìpele, gbogbo ìlú sì ń wọ inú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tọkùnrin tobìnrin, bàbá àgbà tí ń fi ọ̀pá rìn àti ìyá tó pọn ọmọ. Wọ́n da màlúù sí i, màlúù náà tẹ̀ ẹ́. Lápá ọ̀tún, wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà kan sára àpáta fúnra rẹ̀, tó kéré sí ògiri ní gíga, kí omi tó bá kún jù máa gba orí òkúta lọ láìfọwọ́ kan amọ̀. Ẹnu ìkòkò nìyẹn.

Kí ògiri náà tó ga ni Olúgbódi ti ní kí wọ́n gé igi apá ńlá kan. Wọ́n là á sí méjì, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n tún dé e mọ́ra wọn, wọ́n sì fi oje igi lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ìdí ògiri, kó gba inú ògiri já sísàlẹ̀, kí wọ́n fi igi dídán kan dí ẹnu rẹ̀. Ọ̀tún Baálẹ̀, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, béèrè ohun tí ihò ń ṣe lára ìkòkò.

"Ti Ìlódò ni," ni Olúgbódi wí.

Iṣẹ́ dúró. "Àwọn tó fọ́ ìkòkò àwọn ìyàwó wa?" ni Ọ̀tún bi í.

"Àwọn tó fún wa lómi mu lẹ́yìn náà," ni Olúgbódi dáhùn. "Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ gbọ́. Omi yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì parí sọ́dọ̀ wa. Bí a bá dì í mú pátápátá, a ti gbé òǹgbẹ wa rù wọ́n lórí nìyẹn. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ kì í jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ sùn. Ìgbà tí àwa ń tọrọ omi lọ́wọ́ wọn, a mọ bó ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí ihò náà wà." Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́ igi náà.

Òjò àrọ̀kúrò bẹ̀rẹ̀. Awẹ́rẹ́ dé, ó kọlu ògiri, ògiri kò mì. Omi ń gòkè díẹ̀díẹ̀, àfonífojì ń kún. Olúgbódi ránṣẹ́ sí Ìlódò pé kí wọ́n ní sùúrù. Bí omi bá ti kan ẹnu àpáta, òun yóò ṣí ti wọn fún wọn. Iṣẹ́ náà kò dùn létí wọn. Wọ́n rí i pé òjò ń rọ̀, odò wọn kò sì kún. Wọ́n ní ta ni Olúgbódi tí yóò máa bu odò àwọn fún àwọn? Inú Lágbàyí ló bàjẹ́ jù, nítorí òun ló gba ìdọ̀bálẹ̀ náà, òun ló fún wọn lómi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n dé. Gbogbo ọkùnrin Ìlódò ni, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àwọn kan, ọkọ́ àti doje lọ́wọ́ àwọn yòókù, wọ́n sì kún ìsàlẹ̀ ògiri bí ìjàlọ. Àwọn jagunjagun Òkè-Awun sáré bọ́ sẹ́yìn àpáta pẹ̀lú ọrun. Olúgbódi ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí ẹnikẹ́ni má ta ọfà. Ó nìkan rìn jáde sórí ògiri amọ̀ náà láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, ó sì dúró sí àárín rẹ̀, omi lẹ́yìn rẹ̀, ogun níwájú rẹ̀.

"Olúgbódi!" ni Lágbàyí ké sí i. "Mo fún ọ lómi, o jí odò mi! Kúrò níbẹ̀, kí á wó nǹkan yìí!"

"Lágbàyí, tẹ́tí sí mi ná—"

Ọfà kan ti ìsàlẹ̀ fò wá, ó sì wọ̀ ọ́ ní apá òsì. Olúgbódi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Igbe sọ lẹ́yìn àpáta, gbogbo ọ̀dọ́ Òkè-Awun dìde, wọ́n fa ọrun. Bí ọfà kan ṣoṣo bá jáde nígbà yẹn, kò ní sí ìlú méjèèjì mọ́. Olúgbódi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn sí wọn, ó sì bú bí ẹkùn pé, "Ẹ jókòó! Mo ní ẹ jókòó!" Wọ́n jókòó. Ọkùnrin tó sọ ọ̀rọ̀ ológbò lọ́jọ́sí wà nínú wọn. Wọ́n ní ṣe ló ń sunkún bó ti ń jókòó.

Lágbàyí yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ta ló ta ọfà yẹn? Ẹ ò rí i pé ọwọ́ òfìfo ló dúró?"

Olúgbódi fa ọfà náà yọ, ó jù ú sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Lágbàyí," ó ní, "ẹ̀ ń fẹ́ wó ògiri. Ẹ wẹ̀yìn mi ná. Ìgbà tí kékeré rẹ̀ ya lulẹ̀, ebè iṣu yín ló gbá lọ. Bí ẹ bá wó èyí lónìí, ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbé, kó tó dé ilé yín. N kò fi dẹ́rù bà ọ́. Ìwọ fúnra rẹ gun òkè kí o wá wò ó. Ṣùgbọ́n omi yín wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ń mọ ọ́ la ti fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀. Wo ẹnu igi tó yọ nídìí ògiri yẹn. Fa ohun tó dí i."

Lágbàyí wo ẹnu igi náà. Ó wo àwọn àpáta tí ọfà wà lẹ́yìn wọn. "Kí n wá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ pa mí?"

Olúgbódi sọ̀ kalẹ̀ láti orí ògiri bọ́ sí àárín àwọn ọmọ ogun Ìlódò, wọ́n sì là fún un. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu igi, ó fi ọwọ́ tó kù fún un di èdídí náà mú. "Ọwọ́ kan kò lè fà á," ó ní. "Bí ó bá jẹ́ ikú, àwa méjèèjì ni."

Jagun Ìlódò fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ gún ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ti fi idà wá ẹ̀mí ara wọn rí fi èjìká ti èjìká, wọ́n fà, wọ́n tún fà. Èdídí náà yọ lójijì, omi sì tú jáde gbùú, ó gbé Lágbàyí ṣubú sẹ́yìn, ó gbé Olúgbódi lé e lórí, ó sì wẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ẹrẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ogun dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, láti orí àpáta, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan. Ẹfúnlóyè ni. Ó rí ọkọ rẹ̀ láàyè, kò sì lè pa á mọ́ra. Ẹ̀rín náà ran ẹnì kan ní Ìlódò, ó ran ẹlòmíràn, nígbà tó yá Lágbàyí pàápàá tó jókòó sínú ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń bu omi mu.

Wọ́n di ọgbẹ́ Olúgbódi níbẹ̀. Baálẹ̀ Oyètòrò ní kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀, àwọn àgbà ìlú méjèèjì sì jókòó sórí koríko. Níbẹ̀ ni Olúgbódi ti mú èdídí náà, tó fi lé Lágbàyí lọ́wọ́. "Mú un lọ sílé," ó ní. "Ẹni tó wà lókè ti rí omi tirẹ̀ ná. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni kó máa ṣí i, kó máa dí i. Ohun tí à ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ni pé lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, kí ẹ wá bá wa kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì wá bá wa tẹ amọ̀." Lágbàyí yí igi náà padà lọ́wọ́ títí. Ó ní, "A ó wá. Bí n kò bá sì wá, ẹ wá mú mi."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé lọ́dún náà bí ó ti máa ń dé. Ọyẹ́ fẹ́, ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n omi dúró. Ó dúró gbalaja láàárín òkè bí ojú ọ̀run tó sọ̀ kalẹ̀. Lékeléke bà sí etí rẹ̀. Àwọn obìnrin gbin ẹ̀fọ́ yí i ká, ẹ̀fọ́ tútù nínú oṣù tí ẹnikẹ́ni kò rí i rí ní Òkè-Awun. Darandaran mú màlúù wọn wá, wọ́n sì fi wàrà dúpẹ́. Nísàlẹ̀, odò Ìlódò ń ṣàn tínínrín láti ẹnu igi apá, ibú wọn kò sì fà sẹ́yìn mọ́. Baálẹ̀ Oyètòrò a máa jókòó sórí òkúta ní ìrọ̀lẹ́, a ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, a sì wí fún ẹni tó bá ń kọjá pé òun ti jẹ oyè pẹ́, ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni ẹsẹ̀ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́.

Wọ́n fẹ́ fi Olúgbódi jẹ Balógun, ó kọ̀. Oyè tí wọ́n wá dá sílẹ̀ fún un ni Asédò, ó sì wà ní ìlú náà títí di ìsinsìnyí. Bí wọ́n bá ń fi Asédò tuntun jẹ, wọn kì í fún un ní idà tàbí ẹṣin. Ọkọ́ àti òkìtì amọ̀ ni wọ́n ń gbé fún un, a sì bọ́ bàtà wọ inú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ìdílé Ẹfúnlóyè ló ni àṣẹ amọ̀. Ìbáà jẹ́ ọba ló ru ẹrù náà, kò lè dé orí ògiri bí obìnrin kan láti ilé náà kò bá tíì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni kì í mú ohun ìjà gun ògiri. Ìyàwó tó bá ń ti ìlú kan lọ sílé ọkọ ní ìlú kejì, orí ògiri náà ló ń gbà kọjá, ìyá ọkọ rẹ̀ a sì pàdé rẹ̀ ní àárín pẹ̀lú igbá omi.

Olúgbódi gbó, ó tọ́, ó rí ọmọ-ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ òǹgbẹ. Ó kú nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe Ìtẹmọ̀, bí wọ́n ti ń pe iṣẹ́ ọdọọdún náà. Àwọn ará Òkè-Awun ní àwọn kò lè ṣe é lọ́dún náà. Wọ́n jókòó sílé pẹ̀lú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìtẹmọ̀, wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Gbogbo Ìlódò ló ń bọ̀, ọkọ́ léjìká. Lágbàyí ló ṣíwájú wọn, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́. Ó dúró létí amọ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì wọ inú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé èkejì. Nígbà tí àwọn ará Òkè-Awun jáde wá, tí wọ́n sì bú sẹ́kún, ó gbójú sókè sí ibi tí ohùn wọn ti ń wá.

"Ẹ má sunkún," ó ní. "Òjò ń bọ̀. Ẹ wọ inú amọ̀, ká tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n wọ inú rẹ̀. Wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní.